Sogúndogójì

Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí, ẹ̀yáwó àti èlé ni mò ń bá yí látàárọ̀ dalẹ́, nítorí náà ẹni tó bá pè mí ní sogúndogójì, èébú ló bú mi. Ṣùgbọ́n ìṣirò ló wà nínú orúkọ yẹn, ìṣirò ayé owó ẹyọ. Ogún méjì ni ogójì. Ogójì ẹyọ náà ni wọ́n sì máa ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tó yáni ní ogún ẹyọ, ààbọ̀ okùn ló mú jáde. Bó bá gba ogójì padà, okùn ti kún.

Owó tí wọ́n bá yá lórí ìwọ̀fà láyé ìgbà náà, ní tirẹ̀, kì í lé rárá. Ẹni tí ìnáwó òkú tàbí gbèsè ẹjọ́ bá ká mọ́ á mú onígbọ̀wọ́ dání lọ bá olówó. Bó bá yá ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ọ̀kẹ́ mẹ́ta náà ni yóò san, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Iṣẹ́ ló dípò èlé. Ìwọ̀fà á jí lọ sóko olówó, á kọ iye ebè tí wọ́n bá dá fún un, kó tó kọrí sí oko tirẹ̀. Kì í ṣe ẹrú. Ọmọ onílé ni, ilé ara rẹ̀ ló ń sùn. Ọmọdé tí wọ́n bá fi ṣe ìwọ̀fà ló ń gbé ọ̀dọ̀ olówó tọ̀sán tòru. Ẹ má bá mi yin ètò náà o: owó kò lé, ọjọ́ ayé èèyàn ló ń lọ.

Onígbèsè tó bá ń sá fún olówó, ológò ni wọ́n ń rán sí i. Samuel Johnson sọ nípa wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ológò á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo, adìyẹ tó bá ń jẹ̀ kọjá, á kì í mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo agboolé, títí kan ẹni tí kò jẹ kọ́bọ̀, á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ onígbèsè pé kó lọ wá owó yìí.

Nígbà tí owó òyìnbó gbòde, tí ìjọba sì fòfin de ìwọ̀fà, ibòmíràn ni èlé gbà. Kọ́bọ̀ méjìlá ló wà nínú ṣílè kan. Bí olówó bá ní kọ́bọ̀ kan péré ni òun fẹ́ lórí ṣílè kan lóṣù, ta ni yóò bá a jiyàn lórí kọ́bọ̀ kan? Kí oṣù méjìlá ṣáà pé láìsan nǹkan kan, ṣílè kan ti di méjì, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ọjọ́ tó di méjì.

Níbi tí kòkó wà, igi ló di ìwọ̀fà. Àgbẹ̀ á fi oko dógò, olówó á máa ká kòkó ibẹ̀ tà lọ́dọọdún, iye tí àgbẹ̀ yá á sì wà níbẹ̀ digbí. Owó kòkó tó já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 wá mú kí gbígba oko padà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìjọba ní kí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Strickland yẹ ètò alájẹṣẹ́kù wò; ó jábọ̀ ní 1934, òfin ẹgbẹ́ jáde ní 1935. Ní 1938 ni òfin ayánilówó tẹ̀ lé e, pé kí ẹni tó fẹ́ máa yáni lówó gba ìwé àṣẹ.

Lóde òní, ẹni tó fẹ́ kí owó tirẹ̀ di méjì ló ń sáré tọ sogúndogójì lọ. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní MMM ṣèlérí ọgbọ̀n náírà lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù: ogún á di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù kìíní, nígbà tí yóò bá fi pé oṣù mẹ́ta ó ti kọjá ogójì. Ní ìpàdé wa lọ́dún 2016, wọ́n bi mí pé kí ló dé tí èrè tiwa fi kéré tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ètò náà dá owó gbogbo èèyàn dúró. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó tún béèrè.