Àmì Inú Ẹ̀jẹ̀ fún Jẹjẹrẹ Àpòlúkù

Àmì inú ẹ̀jẹ̀ fún jẹjẹrẹ àpòlúkù ni ìṣirò tí dókítà ń ṣe láti inú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kó lè mọ bí ìwúlé ti pọ̀ tó lára aláìsàn, bí oúnjẹ ṣe ń ṣe ara rẹ̀ lóore sí, àti ibi tí àìsàn náà lè já sí. Kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń mọ̀ pé jẹjẹrẹ wà. Àfi kí wọ́n ti ẹ̀rọ gba ọ̀fun wo inú àpòlúkù, kí wọ́n sì gé bíńtín nínú ẹran rẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Láti 1863 ni Rudolf Virchow, ọmọ Jámánì, ti so jẹjẹrẹ mọ́ ìwúlé. Bí àrùn náà bá ń gbilẹ̀, neutrophil, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, a máa pọ̀ sí i. Lymphocyte tó ń bá jẹjẹrẹ jà a sì máa dín kù. Ẹ̀dọ̀ a tú èròjà CRP jáde, albumin tó ń ṣe a sì wálẹ̀. Àìlèjẹun náà ń dá kún un.

Àwọn ìṣirò tó gbajúmọ̀

NLR ni iye neutrophil tí a fi iye lymphocyte pín. Bó bá ga, ewu pọ̀. Ti PLR, platelet, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ni wọ́n fi rọ́pò neutrophil.

PNI ti wà láti 1984, láti ọwọ́ Onodera àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan. Wọ́n á sọ gíráàmù albumin inú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan di ìlọ́po 10, wọ́n á fi lymphocyte inú máíkírólítà kan, ní ìlọ́po 0.005, kún un. Ẹni tí albumin rẹ̀ jẹ́ 3, tí lymphocyte rẹ̀ jẹ́ 1,400, ní 37. Onodera kìlọ̀ pé kí wọ́n má gé ìfun so fún ẹni tí PNI rẹ̀ kò tó 40.

Nínú mGPS, tó wá láti Glasgow, CRP tó ju mílígíráàmù 10 lọ nínú lítà kan gba máàkì 1. Bí albumin kò bá tún tó gíráàmù 35 nínú lítà kan, ó di 2. CONUT, láti Spain ní 2005, fi kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kún albumin àti lymphocyte.

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, ní Èkó

Inú rírun tí kò lọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń pè ní ọgbẹ́ inú, wọ́n á máa ra oògùn ní kẹ́mísì. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ṣómólú àti Gbàgádà. LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, wà ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí aláìsàn ti ṣe tẹ́lẹ̀ ló máa ń ní iye neutrophil, lymphocyte àti platelet nínú, nítorí náà NLR àti PLR kò béèrè ẹ̀rọ tuntun.

Ṣùgbọ́n òdiwọ̀n tí wọ́n ṣe fún ará China tàbí Japan kò ṣeé gbé wọ ará Èkó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ní jíìnì Duffy-null, tó ń jẹ́ kí neutrophil kéré lára ẹni tí ara rẹ̀ le, nítorí náà NLR lè fi ewu pamọ́. Ibà a máa dín platelet kù, a sì gbé CRP sókè. Kòkòrò HIV a máa jẹ lymphocyte. Ẹni tó bá ń ka ìṣirò wọ̀nyí ní láti kọ́kọ́ wo ibà àti HIV, kó fi èsì tuntun wé ti àtẹ̀yìnwá, kó sì wò ó pọ̀ mọ́ ibi tí jẹjẹrẹ náà tàn dé. Bí albumin bá lọ sílẹ̀, ìtọ́jú oúnjẹ ló yẹ kó ṣáájú iṣẹ́ abẹ.