Láti Sunnyvale dé Evo: Ìtàn Ìdíje Eré Ìjà orí Fídíò kan àti Àwọn tí ó fi Òfin sí i



Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni òpìtàn ń wá ní ìdí eré. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ oyè, ogun, òwò àti ìṣèlú ni ìtàn. Ṣùgbọ́n nínú èdè tiwa, ayò ọlọ́pọ́n ní orúkọ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta: ọ̀ta ni a ń pe ọ̀kan, ọ̀pẹ ni a ń pe èkejì. Àwọn tí ó sọ ọmọ aráyé ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé níbi tí ènìyàn méjì bá ti dojú kọ ara wọn nínú eré, tí òǹwòran sì yí wọn ká, òfin wà níbẹ̀, ìwà wà níbẹ̀, iyì àti ìtìjú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí nǹkan wọ̀nyí bá wà, iṣẹ́ òpìtàn wà níbẹ̀.

Ìdíje tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996 ní ìlú Sunnyvale, ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Battle by the Bay ni orúkọ tí wọ́n fún un. Ní ọdún 2002 wọ́n yí orúkọ náà padà sí Evolution, èyí tí àwọn ènìyàn ń gé kúrú sí Evo. Nǹkan bí 40 ènìyàn ni ó kópa nínú ti àkọ́kọ́. Ní ọdún 2023, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ẹyọ eré kan ṣoṣo lé ní 7,000. Kókó tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe eré náà ni ó dá ìdíje yìí sílẹ̀, kì í sì í ṣe ìjọba. Àwọn tí ó ń ṣe eré náà ni ó dá a sílẹ̀. Àwọn ni ó fi òfin sí i. Àwọn náà ni ó jẹ́rìí sí i. Nítorí èyí ni ó fi ṣeé ṣe fún un láti yè nígbà tí ilé tí a ti bí i ń wó lọ.

1. Àwọn ìdíje tí ó ṣáájú

A kò lè mọ ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ọ̀rọ̀ Sunnyvale bí a kò bá kọ́kọ́ wo ohun tí ó ti wà. Ní ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Atari ṣe ìdíje lórí eré Space Invaders káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí ó kópa níbẹ̀ sì lé ní 10,000. Ní ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ Nintendo náà gbé ìdíje tirẹ̀ láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ kan náà. Ìdíje ńlá ni méjèèjì, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni ó yẹ kí á kíyè sí nípa wọn. Èkíní, ẹni tí ó ni ọjà ni ó pe àwọn ènìyàn jọ. Òun ni ó ṣe òfin, òun ni ó fúnni ní ẹ̀bùn. Èkejì, àwọn olùdíje kò fi ọwọ́ kan ara wọn. Ẹ̀rọ ni olúkúlùkù bá jà. Àmì tí ó gbà ni wọ́n fi wé ti ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ wọn dà bí ti ọdẹ méjì tí olúkúlùkù wọ igbó tirẹ̀, tí wọ́n wá ka ẹran tí wọ́n pa ní ìrọ̀lẹ́. A lè mọ ẹni tí ẹran rẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n a kò mọ ẹni tí yóò borí bí wọ́n bá pàdé.

2. Eré tí ó mú ènìyàn dojú kọ ènìyàn

Ilé-iṣẹ́ Capcom, tí ó wà ní ìlú Ọ̀sákà ní ilẹ̀ Jàpáànù, gbé eré kan jáde ní ọdún 1987 tí wọ́n pè ní Street Fighter. Ti àkọ́kọ́ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí. Èkejì rẹ̀, Street Fighter II, tí ó jáde ní ọdún 1991, ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Oníjà mẹ́jọ ni eléré lè yàn nínú wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú ìlú rẹ̀, ìrísí rẹ̀ àti ọgbọ́n ìjà tirẹ̀. Ọ̀pá ìdarí kan wà fún ọwọ́ òsì, bọ́tìnì mẹ́fà sì wà fún ọwọ́ ọ̀tún: mẹ́ta fún ẹ̀ṣẹ́, mẹ́ta fún ìpá, láti orí èyí tí ó yá tí kò sì lágbára dé orí èyí tí ó lọ́ra tí ó sì ń dunni púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ìjà náà ti ń lọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí wà. Oníjà kan lè dúró lókèèrè kí ó ju iná lu ẹnìkejì. Bí ẹni tí a ju iná lù bá dúró, ó ní láti fi apá dí i. Bí ó bá sì fò ó kọjá, ẹni tí ó jù ú lè ti lúgọ dè é kí ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a bọ́ láti òkè. Bí ó bá wá rò pé yóò fò, tí òun kò sì fò, ẹni tí ó lúgọ ni yóò jẹ ìyà. Nítorí náà, kì í ṣe yíyá ọwọ́ nìkan ni ó ń mú ènìyàn borí. Ó ní láti mọ ohun tí ó wà nínú ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn tí ó bá ń ta ayò yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ tí àwọn aṣerọ kò pète. Nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe eré náà, ọ̀kan nínú wọn ṣàkíyèsí pé bí ìlù kan bá bá ènìyàn, àyè díẹ̀ wà láti so ìlù mìíràn mọ́ ọn kí ẹni náà tó lè dí ara rẹ̀. Wọ́n rò pé ó nira ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè máa ṣe lọ, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn eléré rí i, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ di ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn. Láti ìgbà náà ni eré náà ti ní olówó méjì: ẹni tí ó kọ́ ọ àti ẹni tí ó ń lò ó.

3. Òfin gbọ̀ngàn eré

Gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń ṣe eré yìí, níbi tí a to àwọn ẹ̀rọ ńláńlá sí, tí a sì ń fi owó ẹyọ ṣí wọn. Ní Amẹ́ríkà, sẹ́ńtì 25 ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹni tí ó bá borí kò ní san owó mìíràn. Yóò dúró ti ẹ̀rọ. Ẹni tí a bá lù yóò kúrò, ẹni tí ó kàn yóò sì san owó tirẹ̀. Láti fi hàn pé òun ni ó kàn, olúkúlùkù a máa fi owó ẹyọ rẹ̀ lélẹ̀ sí etí dígí ẹ̀rọ náà, ní ìtẹ̀léra. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tí ó kọ òfin yìí, kò sì sí ọlọ́pàá tí ó ń ṣọ́ ọ. Síbẹ̀, wọ́n ń pa á mọ́ láti ìlú kan dé èkejì.

Òfin yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn eléré. Ọmọ tí kò bá lówó púpọ̀ kò gbọdọ̀ tètè pàdánù, nítorí pé ìpàdánù ni òpin ìgbádùn rẹ̀. Ọmọ onírúurú ẹ̀yà ni ó sì ń pàdé níbẹ̀: ọmọ aláwọ̀ dúdú, ọmọ àwọn tí ó ti Éṣíà wá, ọmọ àwọn tí ó ti Mẹ́síkò wá. Ẹ̀rọ kì í béèrè ilé tí ènìyàn ti jáde wá.

4. Ọdún 1996

Nígbà tí ó fi máa di àárín ẹ̀wádún náà, nǹkan ti ń yí padà. Ẹ̀rọ eré inú ilé ti dára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò fi rí ìdí láti jáde lọ sí gbọ̀ngàn mọ́. Gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan tí ó ṣẹ́ kù ní akọni tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè lù ní àdúgbò, olúkúlùkù àwọn ará àdúgbò sì gbà pé tiwọn ni ó ga jù. Íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò tíì pọ̀ lọ́wọ́ aráyé nígbà náà, wá mú kí àwọn tí kò rí ara wọn rí lè máa bá ara wọn jiyàn. Àwọn ará àríwá Kalifóníà ń wí tiwọn, àwọn ará gúúsù ń wí tiwọn. Iyàn kò ṣeé parí lórí ẹnu.

Tom Cannon ni ó pe àwọn ènìyàn jọ sí Golfland ní Sunnyvale, ibi ìgbafẹ́ kan tí ó ní pápá gọ́ọ̀fù kékeré àti ẹ̀rọ eré. Eré méjì ni wọ́n fi díje: Super Street Fighter II Turbo, tí ó jáde ní ọdún 1994, àti Street Fighter Alpha 2, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ọdún 1996 yẹn gan-an. Ìjà tí a kò gbàgbé níbẹ̀ ni èyí tí ó wáyé lórí Alpha 2 láàárín John Choi, ará àríwá, àti Alex Valle, ará gúúsù. Valle lo ọgbọ́n kan tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí àyè fún ẹni tí ó dúró láti bẹ̀rẹ̀ dí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀. Ó borí. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn eléré fi ń pe ọgbọ́n náà títí di òní.

Ìgbẹ́jọ́ tí ó tẹ̀lé irú nǹkan báyìí ni mo fẹ́ kí á fọkàn sí. Nínú Super Street Fighter II Turbo, oníjà kan wà tí àwọn aṣerọ fi pamọ́ síbẹ̀, Akuma ni orúkọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé bí a bá gbà á láyè, kò ní sí ìdí láti yan ẹlòmíràn. Àwọn eléré lé e jáde kúrò nínú ìdíje. Ṣùgbọ́n wọn kò lé ọgbọ́n Valle jáde. Wọ́n ní kí ẹni tí ó dùn lọ kọ́ ọ. Ìyàtọ̀ tí wọ́n fi sáàárín méjèèjì ni pé ọ̀kan pa eré, èkejì mú un le. Ìdájọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìfẹ́ inú lásán, ilé-iṣẹ́ kankan kò sì bá wọn dá a.

Òfin mìíràn tí a mọ ìdíje yìí mọ̀ ni pé ẹni tí a lù lẹ́ẹ̀kan kò tíì jáde. Yóò bọ́ sí ọ̀wọ́ kejì, níbi tí yóò ti máa bá àwọn mìíràn tí a ti lù lẹ́ẹ̀kan jà. Ìgbà tí a bá lù ú lẹ́ẹ̀kejì ni yóò lọ sílé. Bí ó bá tún gòkè dé àṣekágbá, yóò ní láti lu ẹni tí a kò tíì lù rí náà lẹ́ẹ̀mejì. Òfin yìí gba ti ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá rò, tí kò sì yẹ kí ó padà nítorí àṣìṣe ìṣẹ́jú méjì.

5. Ọdún 2004 àti ọ̀rọ̀ ìrántí

Nígbà tí orúkọ yí padà ní ọdún 2002, Tom Cannon, Tony Cannon arákùnrin rẹ̀, Joey Cuellar àti Seth Killian ni ó ń tọ́ ìdíje náà. Ní ọdún 2004, wọ́n pinnu pé ẹ̀rọ inú ilé ni wọn yóò máa lò dípò ẹ̀rọ gbọ̀ngàn. Àwọn kan kùn, nítorí pé ẹ̀rọ gbọ̀ngàn ni ọwọ́ wọn mọ̀, ìyàtọ̀ kékeré nínú àkókò sì lè sọ ẹ̀ṣẹ́ tí ó yẹ kí ó bani di èyí tí ó tàsé. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ń kú lọ. Ìdíje tí ó bá di ẹ̀rọ rẹ̀ mú yóò bá a lọ. Ìpinnu yìí ni ó ya ìdíje náà kúrò lára ilé rẹ̀ tí ó sì fi í lé àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ọdún kan náà, ní ọgbà Yunifásítì Cal Poly Pomona ní gúúsù Kalifóníà, Daigo Umehara láti Jàpáànù pàdé Justin Wong láti New York lórí Street Fighter III: 3rd Strike. Ẹ̀mí tí ó kù fún oníjà Umehara kò ju bí okùn tín-ín-rín lọ. Bí ó bá tilẹ̀ fi apá dí ìlù ńlá, ìwọ̀nba tí yóò bà á tó láti pa á. Wong tú ìlù ńlá sílẹ̀, ìpá 15 ní ìtẹ̀léra. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù: kí Umehara ti ọ̀pá ìdarí síwájú ní àkókò gan-an tí ìpá kọ̀ọ̀kan bá dé, láàárín ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá. Ti àkọ́kọ́ pàápàá, ó ní láti ti gbà pé yóò dé kí ó tó dé. Ó gba gbogbo 15 náà dànù, ó sì borí. Ariwo àwọn òǹwòran gba ilé náà kan.

Umehara kọ́ ni ó gba ipò kìíní lórí eré náà ní ọdún yẹn. Kenji Obata, ará Jàpáànù náà, ni ó lù ú nínú àṣekágbá. Ìjà tí ó ṣáájú ni aráyé rántí, nítorí pé fídíò rẹ̀ tàn káàkiri, wọ́n sì ń pè é ní ìṣẹ̀lẹ̀ kẹtàdínlógójì. Ẹni tí ó fún un ní 37 kàn mú nọ́ńbà náà ni, kí ó lè dà bí ẹni pé 36 mìíràn wà ṣáájú. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún wa. Àkọsílẹ̀ a máa tọ́jú olúborí. Ẹlẹ́rìí a máa tọ́jú ohun tí ó yà á lẹ́nu. Òpìtàn tí ó bá ka àkọsílẹ̀ nìkan yóò mọ Obata, kò sì ní mọ ìdí tí ènìyàn fi pariwo.

6. Ìkádìí

Láti ọdún 2005 ni Las Vegas ti di ibùdó ìdíje náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2019, Arslan Ash, ọmọ Pakísítàn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rí kí ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, gba ipò kìíní níbẹ̀ lórí Tekken 7. Ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Sony àti RTS ra ìdíje náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn eléré fi ọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ àwọn oníṣòwò. Èmi kò sọ pé ó burú. Àlejò 7,000 kò ṣeé fi owó ẹyọ etí dígí gbà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó dìde ní 1996 ṣì wà níbẹ̀: bí a bá tún rí Akuma mìíràn, ta ni yóò lé e jáde? Ẹni tí ó ń ṣe eré ni, tàbí ẹni tí ó ń tà á?

A kò lè dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa bí a kò bá mọ bí àwọn ti ìṣáájú ti dáhùn rẹ̀. Àwọn tí ó wà ní Sunnyvale kò tíì darúgbó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì lè sọ ohun tí ojú wọn rí. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n fi orí rántí, tí wọn kò kọ, yóò bá wọn lọ bí a kò bá béèrè. Kí á má sì wo ti òkèèrè nìkan. Àwa tí a ní ọ̀ta ayò ní gbogbo ìlú, mélòó nínú orúkọ wọn ni ó wà lórí ìwé? Iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn.