Inflammable: Ṣé Ó Ń Gbiná Ni àbí Kì í Gbiná?

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó. Táńkà epo kan wà níwájú wa, wọ́n kọ HIGHLY INFLAMMABLE gàdàgbà sí i lẹ́yìn. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ni pé kò lè gbiná, àbí? Ṣebí invisible ni ohun tí a kò lè rí."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀pọ̀ wa ló rò bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, "in" méjì ló sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan dà bí "àì" tiwa nínú "àìlówó". Èkejì túmọ̀ sí "sínú". Èkejì yìí ló wà nínú inflammare, ìyẹn ni pé kí a ti iná bọ nǹkan. Nítorí náà, inflammable ni ohun tó lè gbiná. Ó ti lé ní 400 ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó. Ní 1813 ni flammable ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Láàárín 1920 sí 1929, National Fire Protection Association ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn èèyàn pé flammable ni kí wọ́n máa kọ, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbọ́. Ìtumọ̀ kan náà ni méjèèjì ní. Èyí tí kì í gbiná ni non-flammable.

Tiwa ńkọ́? "Gba iná" ló di "gbiná". Ìyá mi àgbà ní Ìkẹ́rẹ́ kì í tilẹ̀ pè é ní iná, "uná" ni wọ́n ń pè é. A tún ya gbiná sọ́tọ̀ kúrò lára jóná: ohun tó gbiná ṣì ṣeé pa, èyí tó jóná ti lọ nìyẹn.

Bẹntiróòlù kì í dúró de iná. Òórùn rẹ̀ tó ń fẹ́ káàkiri ló ń gbiná, kódà nínú òtútù tó ju ti yìnyín lọ. Kẹrosíìnì ní tirẹ̀ ń fẹ́ ooru bíi 38°C kí òórùn rẹ̀ tó lè gbiná.

Ní October 2024, táńkà kan ṣubú ní Majiya, ní Jigawa. Àwọn èèyàn ń bu epo lọ́wọ́ nígbà tí iná sọ. Àwọn tó kú ju 150 lọ. N kò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ló pa wọ́n o. Ìṣẹ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ìkìlọ̀ tí ẹni tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kò lè kà, ta ló ń kìlọ̀ fún?

Kí ló dé tí a kò lè kọ ọ́ sára táńkà pé: Ó Ń TÈTÈ GBINÁ, Ẹ JÌNNÀ SÍ I?

Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà. Kò tíì dáhùn tí dírẹ́bà wa fi sọ pé, "Èmi ò kà á o. Òórùn rẹ̀ ni mo gbọ́, ni mo ṣe fà sẹ́yìn."

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹnìkan. Ó dìgbà kan ná.