Iyùn àti Ewé Tó Ń Bọ́ Ọ

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àárín ẹbí la ti sábà ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n àdéhùn inú rẹ̀ wà lábẹ́ òkun pẹ̀lú, láàrin iyùn àti ewé omi tí ojú lásán kò lè rí.

Ẹranko ni iyùn. Irú èyí tí òwò gbé wá láti Òkun Mẹditaréníà, tí àwọn ọba bíi Ògògà Ìkẹ́rẹ́ fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́, kì í gba ewé sára. Èyí tó ń kọ́ òkìtì ńlá níbi tí oòrùn ti ń ràn wọ inú omi ni ewé ń bọ́. Lórí ààyè tí kò ju èékánná lọ, ewé náà lè lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n sì lè kó tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ṣúgà tí wọ́n ṣe fún iyùn. Iyùn ń fún wọn ní ilé nínú ara rẹ̀, lórí òkúta ẹfun tó ń kọ́, ìdọ̀tí ara rẹ̀ sì di ajílẹ̀ wọn.

Òkun ń mu nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èéfín kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú jáde. Láti ayé ìbẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, pH ojú òkun, òṣùwọ̀n tó ń wálẹ̀ bí ásíìdì bá ń pọ̀, ti wálẹ̀ láti 8.2 sí 8.1. Ẹ má fojú kéré e: ásíìdì inú omi ti fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ohun tí iyùn fi ń mọlé sì ń dín kù. Ewé lè má tètè mọ̀ ọ́n lára. Àwọn ẹ̀yà kan tilẹ̀ ń jèrè kábọ́ọ̀nù náà.

Bàbà ló ń da àdéhùn náà rú. Díẹ̀ rẹ̀ ṣe ewé lóore, àpọ̀jù rẹ̀ ń ba èròjà aláwọ̀ ewé jẹ́, ewé kò sì ní lè ṣe oúnjẹ mọ́. Ó wà nínú ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ìdí ọkọ̀ ojú omi. Òun, òjé àti kádímíọ̀mù sì ń bá omi ìwakùsà rìn. Bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni bàbà ń tú sílẹ̀, tí oró rẹ̀ ń le. Ẹni tó bá wọn ewu méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò tíì wọn ohunkóhun. Bí ìnira bá pọ̀ fún iyùn, á pàdánù ewé, á funfun, ebi á sì pa á.

Etí òkun Nàìjíríà kò ní òkìtì iyùn ńlá. Omi ẹlẹ́rẹ̀ tí odò Ọya ń gbé wá kò bá a lára mu. Àmọ́ ewu ìwakùsà wà nítòsí wa: odò Ọ̀ṣun, tó sun ní Ìgèdè Èkìtì, ń gba ilẹ̀ ìwakùsà wúrà kọjá kó tó dé ọ̀sà Lẹ́kí. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo pé kí wọ́n má mu omi rẹ̀. Kí ìjọba Èkìtì àti Ọ̀ṣun máa yẹ bàbà, òjé àti mákúrì inú odò náà wò lọ́dọọdún, kí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ síta fún aráàlú.