Winslow Homer: Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ Tí Kò Tún Sin Ọ̀gá Mọ́

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn òbí wa gbà pé ẹni tó bá fẹ́ fi àwòrán tàbí ìwé kíkọ jẹun, ebi ni yóò pa á, àfi tó bá ríṣẹ́ oṣù. Ìtàn Winslow Homer ni mo fẹ́ fi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní 1836. Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 19, wọ́n fi í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ J. H. Bufford, tó ń tẹ àwòrán láti ara òkúta. Àwòrán èèpo ẹ̀yìn ìwé orin àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé fún un. Ó sú u pátápátá. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 21 ní 1857, ó gba fúrídọ́ọ̀mù, ó sì pinnu pé òun ò tún ní í lọ́gàá mọ́ láyé. Harper's Weekly, ìwé ìròyìn ńlá ní New York, tiẹ̀ fi iṣẹ́ oṣù lọ̀ ọ́. Ó ní rárá o. Ó kúkú ń ta àwòrán fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe rí? Láyé ìgbà yẹn, ìwé ìròyìn ò tíì lè tẹ fọ́tò. Ayàwòrán á ya àwòrán sórí pátákó, àwọn tó ń fín igi á wá gbẹ́ ibi tó funfun kúrò, kí ilà dúdú nìkan lè yọrí gba yíǹkì. Tó bá tóbi, wọ́n á pín pátákó náà fún ọ̀pọ̀ èèyàn kó lè tètè yá, wọ́n á tún wá so ó pọ̀. Ṣé ẹ rí i pé ohun tí òǹkàwé ń rí kì í ṣe ọwọ́ Homer nìkan?

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, Harper's rán an lọ sójú ogun. Ìgbé ayé àwọn ọmọ ogun nínú àgọ́ ló yà jù. Ní 1862, ó ya ọmọ ogun kan tó fara pamọ́ sórí igi, tó na ìbọn sí ẹni tí kò rí i. Lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ìpànìyàn gbáà ni irú iṣẹ́ yẹn jọ lójú òun.

Ní 1873, ó gbé ọ̀dà olómi lọ sí etíkun Gloucester, ó ń ya àwọn ọmọdé àti ọkọ̀ ojú omi níta gbangba. Ọ̀dà olómi ò wúwo, ó ń yára gbẹ, ó sì ń tà. Nígbà tó di 1875, ó fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ó gbé láàárín àwọn apẹja Cullercoats ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1881 àti 1882, ó sì kó lọ sí Prouts Neck ní Maine ní 1883, níbi tí ìjì òkun ti di kókó iṣẹ́ rẹ̀.

Láàárín 1884 sí 1885, ó dé Bahamas àti Kúbà. Ẹ rántí pé ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, àti pé 1886 ni oko ẹrú tó parí níbẹ̀. Ìrìn-àjò yẹn ló bí The Gulf Stream, tó yà ní 1899: ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan nínú ọkọ̀ tí òpó rẹ̀ ti dá, ẹja ekurá yí i ká, ìrèké nílẹ̀ ọkọ̀. Àwọn èèyàn ń bi í pé kí ló gbẹ̀yìn ọkùnrin náà. Inú bí Homer, ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n á gbà á là. Ní 1906 ni Metropolitan Museum ra àwòrán náà. Homer kú ní 1910.

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ iṣẹ́ oṣù o. Ohun tí mo rí ni pé Homer kọ́ṣẹ́ dójú àmì kó tó gba ara rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló sì bọ́ ọ títí ọ̀dà fi lè bọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ dá dúró nínú wa, kó bi ara rẹ̀: kí lọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹnìkan á fi sanwó fún mi lọ́la?