Ìpèsè driver fún kernel Linux

Ìpèsè driver fún kernel Linux jẹ́ iṣẹ́ àtúntò tí ẹni tí ó kọ driver ohun èlò kan gbọ́dọ̀ ṣe sí kọ́ọ̀dù rẹ̀ kí àwọn alábòójútó kernel tó gbà á wọlé. Kernel ni ọkàn ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Driver ni apá tí ó mọ bí a ti ń pàṣẹ fún ohun èlò kan pàtó, bí i kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí kíbọọ̀dù. Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Linux ní Fínlándì ní ọdún 1991. Òun ni kernel inú fóònù Android, tí ọ̀pọ̀ ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ń lò lójoojúmọ́ láìmọ orúkọ rẹ̀.

Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì

Kernel kò ṣèlérí pé ọ̀nà tí àwọn ẹ̀ka inú rẹ̀ fi ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ kò ní yí padà. Driver tí ó wà ní òde lè ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí, kí ó sì kọ̀ láti bá ẹ̀dà tí ń bọ̀ ṣiṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ohun èlò náà bá ti pa á tì, ẹni tí ó fowó rà á ni ìyà máa ń jẹ: yálà ohun èlò tí kò bàjẹ́ di aláìwúlò, tàbí kí olówó rẹ̀ dúró sórí kernel àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dí ihò ààbò rẹ̀ mọ́. Nígbà tí driver bá ti wọlé, ẹni tí ó bá yí ọ̀nà náà padà ni ó gbọ́dọ̀ tún gbogbo driver tí ń lò ó ṣe.

Ìmúrasílẹ̀ kọ́ọ̀dù

Ìwé-àṣẹ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà 2 ti GPL ni Linux ń lò, kọ́ọ̀dù tuntun sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Láti ọdún 2004, olùkọ kọ́ọ̀dù a máa fi ìlà Signed-off-by àti orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí pé òun ní ẹ̀tọ́ láti fi kọ́ọ̀dù náà sílẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù ni ìgékúrò. Driver tí ilé-iṣẹ́ kọ sábà máa ń ru ẹrù tí kò nílò: kọ́ọ̀dù tí a kọ fún Windows pẹ̀lú, tàbí iṣẹ́ tí kernel ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Driver kò sì gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe. Driver kíbọọ̀dù, fún àpẹẹrẹ, kàn ń sọ nọ́ńbà bọ́tìnì tí a tẹ̀ ni. Bí bọ́tìnì náà yóò bá di ẹ, ọ tàbí ṣ, ètò mìíràn ní òde ni ó ń pinnu rẹ̀. Àtòpọ̀ bọ́tìnì èdè Yorùbá wà lábẹ́ ti Nàìjíríà nínú xkeyboard-config, kì í ṣe nínú driver.

Ètò checkpatch.pl ń yẹ ìrísí kọ́ọ̀dù wò, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá driver náà mọ́gbọ́n dání. Àwọn driver tí kò tíì dára tó ni a dá ẹ̀ka staging sílẹ̀ fún ní ọdún 2008, lábẹ́ àbójútó Greg Kroah-Hartman. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá tún ṣe níbẹ̀, wọn a yọ ọ́ kúrò.

Ìfisílẹ̀

A ó pín iṣẹ́ náà sí àtúnṣe kéékèèké, kernel sì gbọ́dọ̀ ṣì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ó lè rọrùn láti mọ èyí tí ó fa àṣìṣe bí ó bá yọjú. Ètò get_maintainer.pl ń fi hàn ẹni tí a ó fi ránṣẹ́ sí, nípa ímeèlì tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Kí wọ́n dá iṣẹ́ padà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kì í ṣe ìtìjú rárá. Ẹ̀dà tí a tún ṣe a máa jẹ́ v2, v3, títí lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tí kernel tuntun bá jáde ni Torvalds fi ń gba ohun tuntun wọlé. Ọ̀sẹ̀ bí i méje tí ó tẹ̀lé e wà fún àtúnṣe àṣìṣe nìkan.