Láti Ọkọ̀ Ogun Hítílà dé Típà Ìgàndó

Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ti Ìkọ̀tún lọ sí Ìgàndó yóò rí bí ọkọ̀ 911 ṣe ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan: típà tó kó iyanrìn, táńkà tó gbé omi, òmíràn tí kò gbé nǹkan kan ju èéfín ara rẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn ti wà lójú títì kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú àwa tí à ń kọ àròkọ yìí. Ẹ́ńjìnì ọ̀kan lè ti inú bọ́ọ̀sì wá, kí gíà rẹ̀ ti ara lọ́rì mìíràn wá, kí ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì jẹ́ àwọ̀ ewé, kí ti ọwọ́ ọ̀tún sì pọ́n wẹ̀ẹ̀. Àwọn èèyàn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A fẹ́ sọ ìdílé tó ti wá.

Àríyànjiyàn ló bí ọ̀rọ̀ náà láàárín wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ológun àtijọ́ ni wọ́n ń fi ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ wọn tún ṣe. Wọn a ra òkú ọkọ̀ mẹ́ta, wọn a yọ ẹsẹ̀ ọ̀kan, wọn a yọ orí ìkejì, wọn a tú inú ìkẹta, títí odindi ọkọ̀ kan yóò fi jáde. Ọ̀kan nínú wa ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ní ilẹ̀ wa. Àwa yòókù kò gbà. Ó wà ńlẹ̀ láti ayé àwọn bàbá bàbá wa. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń fi ṣe, kì í ṣe eré ìdárayá, kò sì sẹ́ni tó jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara Bedford. Ilé-iṣẹ́ Vauxhall ní ìlú Luton ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́rì yìí ní 1931. Nígbà tí ogun Hítílà bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, iṣẹ́ ológun ni ilé-iṣẹ́ náà gbájú mọ́, nǹkan bí 250,000 lọ́rì ni wọ́n sì ṣe kí ogun tó parí. Oríṣi wọn pọ̀. MW kékeré wà, OY tó ń gbé ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́ta wà, QL náà wà, tí ẹ́ńjìnì ń ti ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn papọ̀ nítorí ẹrẹ̀ àti iyanrìn. Tí ẹ bá rí àwòrán wọn, ẹ ó rò pé ọmọ bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn wò: ẹ́ńjìnì kan náà ni, onípẹtiróòlù, onísìlíńdà mẹ́fà, tó tóbi tó lítà mẹ́ta àtààbọ̀. Ẹ́ńjìnì yìí kan náà ló wà nínú lọ́rì O tí wọ́n ń tà fún àwọn oníṣòwò, èyí tí Luton ṣì ń ṣe títí di 1953.

Ibí yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ọkọ̀ ológun àti ọkọ̀ ọjà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n sì ń ta àwọn ọkọ̀ tí ológun kò nílò mọ́, ohun tí mẹkáníìkì bá yọ lára ọ̀kan máa ń wọ ara ìkejì láìjà. Ẹ́ńjìnì tó ti gbé ọta ìbọn lè gbé iṣu.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti mọ irú àwọn ọkọ̀ yìí kí ogun tó parí. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà nínú ẹgbẹ́ ológun 81 àti 82 tó lọ jà ní Bọ́mà. Orí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ru ẹrù, nítorí àfonífojì Kaladan kò gba ọkọ̀, àwọn náà ló sì fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà jíìpù tó gùn tó nǹkan bíi máìlì 75 gba orí òkè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ológun tún kọ́ àwọn mìíràn ní awakọ̀, ó kọ́ àwọn kan ní mẹkáníìkì. Nígbà tí wọ́n padà wálé, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn.

Nílé, lọ́rì kì í dé ní odindi. Ṣaṣí, ẹ́ńjìnì àti imú ló sábà máa ń bá ọkọ̀ ojú omi wá. Káfíńtà ilẹ̀ wa ló ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí akunlé á kun ún, tí wọ́n á sì kọ orúkọ tàbí àdúrà sí iwájú orí rẹ̀. Bí bọ́lẹ̀kájà ṣe di bọ́lẹ̀kájà nìyẹn. A jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni ọkọ̀ náà ti ní ìyá méjì, ọ̀kan ní Luton, ọ̀kan ní Ẹ̀búté Mẹ́ta tàbí ní Ìbàdàn. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka ìwé lámèyítọ́ yóò rántí pé Chinweizu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe ara wọn ní lámèyítọ́ bọ́lẹ̀kájà. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó ń lo ọ̀rọ̀ náà ní kíláàsì ló mọ̀ pé ẹnu àwọn kọ̀ńdọ́ Yorùbá ló ti jáde.)

Òǹkọ̀wé tó tètè rí ìtàn yìí ni Wọlé Ṣóyínká. Nínú eré rẹ̀, The Road, tó jáde ní 1965, ìdajì ara bọ́lẹ̀kájà kan tó ti bàjẹ́ ló wà lórí ìtàgé, òun sì ni ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta páàtì tí wọ́n yọ lára àwọn ọkọ̀ tó ní jàǹbá. A máa ń ka eré náà fún ọ̀rọ̀ ikú, Ògún àti Ọ̀jọ̀gbọ́n. A kò fi bẹ́ẹ̀ ka ìsọ̀ yẹn bí ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ìròyìn ni. Ẹni tó bá ti dé Ládípọ̀ rí kò nílò olùkọ́ tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ogun abẹ́lé dé ní 1967, ọ̀rọ̀ náà sì yí padà: ọkọ̀ ọjà ló wá di ọkọ̀ ológun. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Biafra tí Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, jẹ́ ọ̀gá wọn, sọdá afárá Ọya wọ agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn. Lọ́rì oníṣòwò, típà àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà lára ohun tí wọ́n gùn. Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn dúró, ibẹ̀ la sì ti ń sọ pé nǹkan le kú bí ìjà Ọ̀rẹ̀ títí dòní. Ní apá ibòmíràn, ẹ̀ka ìwádìí àti ìpèsè Biafra tí wọ́n ń pè ní RAP ń jó irin mọ́ ara ọkọ̀ akẹ́rù àti katakata kí ìbọn má baà tètè wọlé. Wọ́n pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Red Devil. Ó ṣì kù tí ẹ lè rí ní ilé àkójọ ohun ogun ní Umuahia, tí wọ́n ṣí ní 1985. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ irin tí wọ́n jó mọ́ ọn kí ọkọ̀ náà lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Irin yẹn ni ìtàn rẹ̀.

Ọwọ́ wa dé 911 báyìí. Mercedes gbé lọ́rì onímú kúkúrú yìí jáde ní 1959. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe àdììtú: 9 dúró fún ìwọ̀n tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, 11 dúró fún agbára ẹṣin bí 110. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnì dísù kan tó ń jẹ́ OM 352 wọ inú rẹ̀, onísìlíńdà mẹ́fà, lítà márùn-ún àti díẹ̀ lé. Ẹ́ńjìnì yìí wà nínú 1113 tó ju 911 lọ, ó wà nínú bọ́ọ̀sì, ó sì wà nínú àwọn oríṣi Unimog kan tí àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè púpọ̀ lò. Ohun tí Bedford ṣe náà ló tún ṣe: ó sọ ọkọ̀ tí kò jọra di ẹbí. Ìdí nìyí tí 911 kò fi kú bọ̀rọ̀. Tí ọ̀kan bá kú, ẹ̀yà ara rẹ̀ á máa gbé ara àwọn mìíràn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ANAMMCO ní Emene, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enugu, ti ń to Mercedes pọ̀ níbí. Leyland wà ní Ìbàdàn, Steyr wà ní Bauchi. Lẹ́yìn náà ni SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, páàtì tuntun di ohun tí à ń fojú rí lásán. Tòkunbọ̀ gba ọjà. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì Èkó ti kúrò ní pípààrọ̀ ohun tó bàjẹ́, tó di síso ohun tí kò mọra pọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ yẹn rọrùn. Kí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kan tó lè bá gíà ọkọ̀ mìíràn ṣe, ihò bóòtù ẹnu méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Tí wọn kò bá pàdé, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin á gé irin pẹlẹbẹ kan, á lu ihò ọ̀wọ́ méjì sí i, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnì, ọ̀kan fún gíà. Ṣùgbọ́n irin náà ti ti gíà sẹ́yìn nìyẹn, ọ̀pá gíà sì lè má dé inú kíláàṣì dáadáa mọ́. Kódà bó bá dé ibẹ̀, eyín ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ihò inú rẹ̀ mu. Bí gíà bá sún, pùròpẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sí ẹ̀yìn, ti gùn jù. Wẹ́dà á gé e, á tún un jó. Bí kò bá jó o gún régé, gbogbo ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe ní kété tí eré bá ti pọ̀ díẹ̀. Rẹ́wáyà tún ń bẹ níwájú: ọkọ̀ kan ń lo iná fólítì 12, òmíràn ń lo 24. Bíréèkì náà ńkọ́? Èyí tó ń fi òróró ṣiṣẹ́ kò bá èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ ṣe. Kò sí ìwé kankan tí ilé-iṣẹ́ Mercedes tẹ̀ jáde tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní gbogbo èyí. Ẹnu ọ̀gá ni ọmọ-iṣẹ́ ti ń gbọ́ ọ, ní èdè Yorùbá.

Mọ́lùẹ́ náà ti inú agbo yìí jáde, ṣaṣí 911 tí bọ́díbílídà Èkó fi páànù kọ́ ilé lé lórí. BRT bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2008 láti Mile 12 lọ sí CMS, mọ́lùẹ́ sì ń kásẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A ò rí ìyá kankan nínú àwọn ìyá wa tó sunkún rẹ̀.

Níbí la ti pín sí méjì. Ọ̀kan nínú wa ní ìyìn tí à ń fún iṣẹ́ àtọ̀pọ̀ yìí ti pọ̀ jù, pé ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò dá a lójú kì í ṣe ohun ìtàn fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Òótọ́ ni, a kò sì ní jà á níyàn. Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lójú títì. Ohun tí à ń bèèrè ni pé, níbo ni kó gbà lọ? Lọ́wọ́lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ onírin ló ń lọ. Wọn a gé e, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a kó o lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ó di ọ̀pá irin ìkọ́lé.

Ẹ wá wo bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń wọn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjọ DVLA wọn ń fún ọkọ̀ tí wọ́n tún kọ́ ní máàkì kó tó lè di orúkọ àtijọ́ rẹ̀ mú: ṣaṣí tí wọn kò gé ní máàkì márùn-ún, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ ní méjì, gíà ní méjì, ẹ́ńjìnì ní ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì gbọ́dọ̀ pé mẹ́jọ. Ní ojú wọn, ẹ lè pààrọ̀ ẹ́ńjìnì kí ọkọ̀ ṣì jẹ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ gé egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Típà Ìgàndó tí wọ́n ti gé ṣaṣí rẹ̀ nígbà tó jẹ́ mọ́lùẹ́, tí wọ́n tún jó irin kún un nígbà tó di oníyanrìn, yóò fìdí rẹmi pátápátá. Àwa gbà pé ojú ibi tí wọ́n ti jó o yẹn ni ojú ìwé tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀. Tí olówó kan bá ra 911 lọ́la, tó tún un ṣe títí tó fi rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò ní Jámánì, yóò dára lójú, ṣùgbọ́n ó ti fọ SAP, mọ́lùẹ́ àti tòkunbọ̀ kúrò lára rẹ̀. Bí Umuahia ṣe fi Red Devil sílẹ̀ tòun ti àpá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí Èkó fi 911 kan sílẹ̀, tòun ti ilẹ̀kùn aláwọ̀ méjì.

Títí dìgbà náà, iṣẹ́ kan wà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe láìná owó púpọ̀. Pátíkúlà ọkọ̀ máa ń ní nọ́ńbà ṣaṣí àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnì. Bí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tó wà nínú ìwé bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lára irin, ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni náà ṣì wà láàyè ní Ìkọ̀tún tàbí Ìdímù. Ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti jáde, tí bàbá yín bá ní lọ́rì rí, ẹ wo inú àpótí ìwé rẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin ojúgbà wa tẹ́ ẹ ń gbé Alímòṣọ́, ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà yẹn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò yín. A ti gbọ́ orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ báyìí, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí a rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè.